Ẹ Má Tíì Béèrè fún Jáńgírọ́fà

Ìbéèrè: Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé báyìí, fóònù àti ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló kù fún àwọn ọmọ wa. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Houston àti àwọn tó wà ní Jámánì ní kí a kọ ohun tí a fẹ́ ránṣẹ́, àwọn á sì bá wa wá ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tí a ó jọ máa ṣe é. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní jáńgírọ́fà àti pápá ìṣeré ni kí a béèrè, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ni. Mo gbọ́ pé ẹ̀kọ́ kan wà lágbàáyé tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe lo àkókò ìgbafẹ́ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òfin kan wà tí a lè dì mú? Kí ni kí a kọ sínú lẹ́tà náà tí gbogbo rẹ̀ kò fi ní di pàǹtí láàárín ọdún kan?

Ìdáhùn:

Okun o, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ẹ̀kọ́ náà wà, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1918, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà to kókó méje kalẹ̀ tó yẹ kí ilé-ìwé girama fi kọ́ ọmọ. Ìlera wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lílo àkókò tí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́nà tó yẹ. Ní 1952 ni wọ́n dá àjọ tí a mọ̀ lónìí sí World Leisure Organization sílẹ̀, àjọ yìí ló sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ ní 1993. Ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ yìí nínú ilé-ìwé, ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láàárín ìlú, ó sì tún sọ̀rọ̀ nípa bí a ó ṣe kọ́ àwọn tí yóò máa darí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé.

Ní ti òfin, ìwé àdéhùn 1993 yẹn kì í ṣe òfin, ẹ kò lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn tó lágbára jù ú lọ wà. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 sọ ní Abala 24 pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti ìgbafẹ́. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, tí Nàìjíríà gbà láti máa tẹ̀lé ní 1991, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, eré àti àṣà ní Abala 31. Áfíríkà ní tirẹ̀, ti 1990, ọ̀rọ̀ yìí sì wà ní Abala 12 níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ wa ṣe ní 2003 náà fi Apá 12 sọ ohun kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí ọ̀kan ṣoṣo nínú lẹ́tà yín, ẹ tọ́ka sí Abala 31 ti 1989, kí ẹ sì fi Abala 4 inú rẹ̀ kún un, nítorí Abala 4 ló sọ pé níbi tí agbára ìjọba kan kò bá ká a, kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ará Jámánì yóò mọ ohun tí ẹ ń sọ lójú ẹsẹ̀. Amẹ́ríkà buwọ́ lù ú ní 1995, ṣùgbọ́n kò tíì gbà láti máa tẹ̀lé e títí di òní, nítorí náà ẹ má retí pé yóò wú àwọn ti Houston lórí tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà gan-an? Kì í ṣe àkókò eré ìdárayá tó wà lórí taimutébù. Ọmọ lè mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa kó má sì mọ ohun tí yóò fi ọ̀sán Sátidé ṣe. Ẹ̀kọ́ ìgbafẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìbéèrè tí a kì í bi àwọn ọmọ wa. Kí ló máa ń dùn mọ́ ọ? Bí o bá ṣe é tán, báwo lara rẹ ṣe máa ń rí? Kí lo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe tí o kò tíì mọ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n ní àdúgbò yín? Èló ni yóò ná ọ, àwọn wo lo sì fẹ́ kí ẹ jọ máa ṣe é? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò wá kọ́ ọ ní ohun tó yàn, wọn yóò sì dúró tì í títí ohun náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ibi ìdúrótì yìí ni ọgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wà. Fèrè fífọn, aṣọ híhun, ṣẹ́ẹ̀sì, ìwé kíkà, kò sí èyí tó ń dùn lọ́jọ́ kìíní nínú wọn. Ìka á máa ro ọmọ, wọn á máa nà án láyò, ìwé á máa sú u. Tẹ́tẹ́ ló ń dùn lọ́jọ́ kìíní, fóònù náà sì ń dùn lọ́jọ́ kìíní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń borí níbi tí kò bá ti sí àgbàlagbà tí yóò mú ọmọ la ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tó korò já. Ẹ wo ọmọkùnrin tó jókòó sí ilé tẹ́tẹ́ ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú tiyín. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ mẹ́wàá ní Yúróòpù, ó lè fi orí ṣírò iye tí owó rẹ̀ yóò dà bí eré márùn-ún bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ní sùúrù láti jókòó di òru. Ọpọlọ wà níbẹ̀, àfiyèsí wà níbẹ̀. Ó dùn mí pé ilé tẹ́tẹ́ nìkan ló pe ọpọlọ yẹn jáde.

Ọ̀rọ̀ jáńgírọ́fà wá kù. Ìyá, n kò kórìíra rẹ̀, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní PlayPump, irú ẹ̀rọ ìṣeré tí àwọn ọmọ máa ń dì mú tí wọ́n á máa sáré yí i po. Bí wọ́n ṣe ń yí i ni omi ń gòkè láti inú ilẹ̀ bọ́ sínú táńkì. Ní 2006, owó ńlá wọlé fún un láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e lọ sí abúlé lóríṣiríṣi ní South Africa, Mozambique, Malawi àti Zambia. Àwọn tó ṣe é kò ní èrò búburú kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà tí ìyá bá nílò omi ni ọmọ máa ń fẹ́ ṣeré. Ní àwọn abúlé kan, àwọn obìnrin, títí kan àwọn arúgbó, ló wá ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Bó bá bàjẹ́, àwọn ará abúlé kò lè tún un ṣe. Ní 2009, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò pé kí omi náà tó lè tó iye ènìyàn tí wọ́n ṣèlérí fún, àwọn ọmọ ní láti máa ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo ní abúlé kó tó ra ẹ̀rọ ì bá ti mọ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Denmark. Ní 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì gba ìlú wọn, wọ́n ṣí pápá ìṣeré kan sí Emdrup ní Copenhagen. Ẹni tó dá èrò náà, C. Th. Sørensen, iṣẹ́ ọgbà àti pápá yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí pápá tí wọ́n ṣe dáadáa fún wọn, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ ni wọ́n ń sá lọ, láàárín pákó àti bíríkì. Nítorí náà pákó, ìṣó, òòlù, okùn àti bíríkì ni wọ́n kó sí Emdrup. Wọ́n tún gba àgbàlagbà kan, John Bertelsen, kó máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó máa mójú tó wọn láìgba eré mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1946, obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lady Allen of Hurtwood, yà síbẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé èrò náà lọ sílé. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó kọjá òkun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èrò ló kọjá, pẹ̀lú bí àgbàlagbà ṣe ń dúró ti ọmọ. Pákó àjákù wà lọ́dọ̀ àwọn kápẹ́ńtà yín, táyà àlòkù wà lọ́dọ̀ àwọn fọganáísà. Ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ, tó sì mọ bí a ṣe ń dúró, ni ẹ kò ní.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè nìyẹn, Ìyá: kí wọ́n bá yín kọ́ ènìyàn. Ó sì ṣe wẹ́kú pé ẹ ní àwọn ará ní Jámánì. Níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ máa darí àwọn ọmọdé nínú ẹgbẹ́ láìgbowó máa ń gba káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Juleica. Kó tó gbà á, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí kò dín ní wákàtí 30, kó sì tún kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá farapa. Wọ́n ń kọ́ wọn bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, bí a ṣe ń parí ìjà, bí a ṣe ń ṣètò ọjọ́ kan láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tí òfin ní kí adarí ṣe àti èyí tó ní kó má ṣe. Ọmọ ọdún 16 lè gba káàdì yìí. Ẹ béèrè pé kí ẹgbẹ́ tó bá ń kọ́ni ní Juleica ní ìlú tí àwọn ará yín wà bá yín ṣe irú ẹ̀kọ́ wákàtí 30 yẹn fún ọ̀dọ́ méjìlá ní Ìsánlú, mẹ́fà lọ́kùnrin, mẹ́fà lóbìnrin, kí ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà jókòó sí i. Owó rẹ̀ kò ní tó ti jáńgírọ́fà kan.

Ẹ má sì lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àjọṣe tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń fúnni nínú rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí ẹni tó ń fúnni á rẹ̀, ẹni tó ń gbà á sì di ẹni tí kò lè sọ òótọ́. Ẹ ní ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní erékùṣù Antigua lọ́hùn-ún, wọ́n ṣì ń ta á títí di òní, warri ni wọ́n ń pè é, àwọn baba wọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló gbé e débẹ̀. Àwọn ará Philippines náà ní tiwọn tó jọ ọ́, sungka. Bí ẹ bá fún ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, ọmọ Ìsánlú lè ta ayò pẹ̀lú ọmọ Jámánì lórí WhatsApp: kí ọ̀kan kọ “3” ránṣẹ́, kí èkejì ta á sójú ọpọ́n tirẹ̀, kó sì fi tirẹ̀ fèsì. Dátà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọpọ́n méjì ló ná yín. N kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti mú kí ọmọ méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn máa ronú pọ̀.

Ẹ tún ní òkòtó, ẹ ní àrìn, ẹ ní àlọ́ àpagbè tí àwọn ọmọ òkè òkun lè gba orin rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀. Bí ẹ bá lọ sí ìhà Ìjùmú, ẹ ní Ògìdì, ìlú Olóyè Nike Davies-Okundaye, tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974 láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́ wa, tó sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Ògìdì níbí. Ẹ wo ibi tí ìrìn yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀dọ̀ tiwa ni olùkọ́ ti lọ. Ní Bùnú ni wọ́n ti máa ń hun aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ẹni ńlá, òfì ìdúró sì ni òfì tí àwọn obìnrin wa ń lò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ni híhun aṣọ jẹ́ fún ọmọbìnrin, kì í ṣe ìgbafẹ́, wọn kì í bi í bóyá ó fẹ́. Bí a bá tún fipá jókòó tì wọ́n sídìí òfì lónìí lórúkọ àṣà, iṣẹ́ náà ni, kò tíì di ìgbafẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ ṣe é, kí ọmọbìnrin tó bá fẹ́ ta ayò máa ta ayò, kí ẹni tó bá sú lè kúrò níbẹ̀ láìsí ìbáwí.

Bí ẹ bá sì ń fẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ kò nílò òyìnbó fún ìyẹn. Tunde Onakoya dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018 fún àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní Èkó, ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ó ta á fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ kọ̀wé sí wọn náà.

Owó ńkọ́? Ẹ máa rántí pé owó òkè òkun máa ń dúró lọ́jọ́ kan. Ní Brazil, láti 1946 ni wọ́n ti ní àjọ kan tó ń jẹ́ SESC. Àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ló ń gbé e ró: ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń dá sí i, tí wọ́n fi ń ṣe ilé ìkàwé, ibi ìlúwẹ̀ẹ́, gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé àti pápá fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní São Paulo, SESC Pompeia, ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe dúrọ́ọ̀mù ni. Lina Bo Bardi ló ya àwòrán rẹ̀, wọn kò wó o, wọ́n tún un ṣe ni, wọ́n sì ṣí i ní 1982. Ní Ìsánlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ onímọ́tò àti àwọn oníṣòwò àgbàdo lè dá ohun díẹ̀ lóṣooṣù, kó máa jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọ̀dọ́ méjìlá yẹn. Kó má tilẹ̀ pọ̀, kó ṣáà máa wọlé déédéé. Àwọn tó wà lókè òkun yóò fi ọkàn tó balẹ̀ ná owó tiwọn bí wọ́n bá rí i pé ìlú ti kọ́kọ́ ná tirẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà tó ń ba irú àjọṣe báyìí jẹ́ bí a kò bá tètè ronú sí wọn. Àkókò jẹ́ ọ̀kan. Ní ìgbà òtútù wọn, aago Jámánì àti tiwa bára mu, ní ìgbà ooru wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Kíláàsì sí kíláàsì lè ríra láàárọ̀. Houston wà lẹ́yìn wa ní wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Bí ilé-ìwé yín bá wọlé, oorun ni wọ́n ń sùn níbẹ̀. Ẹ fi Houston sí ìpàdé àwọn àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹ fi Jámánì sí ti àwọn ọmọ. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá lágbára, kí àwọn ọmọ ya fídíò ìṣẹ́jú méjì ránṣẹ́, ìyẹn sàn ju ìpàdé tí ohùn ń já lọ.

Ààbò ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọ́sẹ̀yìn. Kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní yàrá, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú. Kí orúkọ ọmọ má bá fọ́tò rẹ̀ jáde sí Facebook. Àlejò tó bá fẹ́ wá, kó mú ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti ìlú rẹ̀ wá, ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́dọ̀ tiwọn náà nìyẹn, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí ní Yàgbà láwọn ọdún yìí pẹ̀lú àwọn ajínigbé. Nítorí náà ẹ ṣe é láàárín ìlú, ní ọ̀sán, ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ lórí pé àlejò gbọ́dọ̀ wá. Kí ẹ fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe ohun gbogbo lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kan.

Ní ti lẹ́tà náà, ojú ìwé kan tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ní àti ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 30 fún ọ̀dọ́ méjìlá, àti kíláàsì kan tí yóò jẹ́ ẹlẹgbẹ́ tiyín. Ẹ sọ iye tí ìlú yóò dá. Ẹ ní kí ẹ̀yin pẹ̀lú wọn jọ jókòó lẹ́yìn ọdún kan láti wò ó bóyá ẹ ó tẹ̀ síwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tàbí jáńgírọ́fà tọrẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà á, àwọn tí yóò mójú tó o ti wà nílẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó jọ ṣeré. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló yà á sọ́tọ̀ ní 2024 fún eré àwọn ọmọdé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní Ìsánlú yóò jẹ́ aago mẹ́rin ní Jámánì àti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Houston. Kí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lè parí kí ọjọ́ náà tó dé, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín nínú oṣù kìíní.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún jọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láìsí òbí níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí mo kọ sókè yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ èsì, kí ẹ má tún un kọ fún wọn, kí ẹ sì fi í mọ́ lẹ́tà náà.